Má Ṣe Dájọ́ Ìtàn Tí Ìwọ Kò Gbọ́ Dé Òpin

Ìwà kan wà tí ó ti gbilẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ òde òní, tí mo fẹ́ bá ìwọ tí ń ka ìwé yìí sọ láìfepo bọyọ̀. Ìwà náà ni kí ènìyàn máa dá ẹjọ́ ohun tí kò rí, kí ó máa bu ẹnu àtẹ́ lu ọbẹ̀ tí kò tọ́ wò, kí ó sì máa kéde fún gbogbo ayé pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn kò dára, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò fi ojú kan iṣẹ́ náà rí. Ibi tí ìwà yìí ti hàn gbangba jù lọ ni ibi tí àwọn olólùfẹ́ eré orí ẹ̀rọ, èyí tí ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń pè ní géèmù, ti ń jiyàn lórí ìtàn inú àwọn eré náà àti lórí máàkì tí ó tọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo wí pé ìwà yìí burú. Irọ́ ni, ìkà sì ni pẹ̀lú. Bí o bá fara balẹ̀ kà mí dé òpin, n óò fi ẹ̀rí ọ̀rọ̀ mi hàn ọ́.

Mo mọ̀ pé àgbàlagbà kan lè bi mí pé, 'Kí ni ti géèmù nínú ìwé ẹ̀kọ́ ìwà rere? Ṣé kì í ṣe eré ọmọdé ni?' Mo dá a lóhùn pé ibi eré ni a ti ń mọ ìwà ọmọ. Ọmọ tí ń rẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ nídìí ayò yóò rẹ́ni jẹ nídìí òwò lọ́la. Èyí tí ó sì ń fi ẹ̀rín gba ìṣubú nínú ìjàkadì yóò lè fara da ìdààmú nígbà tí ó bá dàgbà. Yàtọ̀ sí èyí, géèmù kì í ṣe eré ọmọdé lásán mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìtàn gígùn, tí àwọn òǹkọ̀wé jókòó kọ, tí àwọn ayàwòrán yà, tí àwọn olórin kọrin sí, tí àwọn òṣèré sì fi ohùn wọn sọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn a máa fi ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ lórí ẹyọ kan ṣoṣo. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín irú ìtàn bẹ́ẹ̀ àti ti inú ìwé ni pé, nínú ìwé, ìwọ a máa wo akọni bí ó ti ń wọ inú igbó. Ṣùgbọ́n nínú géèmù, ìwọ fúnra rẹ ni ó wọ inú igbó náà, ìwọ ni ó ṣìnà, ìwọ ni ó sì jà.

Nísinsin yìí, jẹ́ kí á wo ẹni tí ń sọ fún àwọn ẹlòmíràn bí géèmù kan ti rí. Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Iṣẹ́ ẹlẹ́rìí ni. Ọmọ ilé-ìwé tí ó ti ń tọ́jú owó fún oṣù púpọ̀, tí owó náà kò sì lè ra ju ẹyọ kan lọ, a máa wo ẹnu ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ kí ó tó náwó. Ó gbàgbọ́ pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ti rí ohun tí ó ń sọ. Àwọn àgbà sì ti wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí ẹlẹ́rìí kò bá fojú ba nǹkan náà rí, a jẹ́ pé irọ́ ni ó pa fún ọmọ náà, ó sì fi owó rẹ̀ ṣòfò.

Láti ọdún 2001 ni Metacritic ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó máàkì tí àwọn alámèyítọ́ fún eré kan jọ, èyíinì ni àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yẹ eré wò kí wọ́n sì sọ dídára àti àìdára rẹ̀, kí ó sì ti inú gbogbo rẹ̀ fa máàkì kan ṣoṣo yọ nínú 100. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì yìí, ó fi àyè sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti fún eré náà ní máàkì tiwọn, láti òdo títí dé 10. Ohun rere ni èyí, nítorí ẹnu àwọn díẹ̀ kò gbọdọ̀ di ẹnu gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n wo bí àwọn kan ti lo àyè náà.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Naughty Dog ní Amẹ́ríkà gbé eré kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Last of Us Part II. Àwọn alámèyítọ́ tí wọ́n ti gbà á ṣáájú yìn ín gidigidi. Àròpọ̀ máàkì wọn ju 90 lọ nínú 100. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó parí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti rọ òjò òdo lé e lórí. Ìwọ ọmọ tí o mọ ìṣirò, bá mi ṣe ìṣirò yìí. Eré náà gba nǹkan bí wákàtí 25 kí ènìyàn tó dé òpin rẹ̀. Bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀gànjọ́ òru, tí kò jẹun, tí kò mu omi, tí kò sì fi ojú kan oorun, ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ kejì yóò ti kọjá kí ó tó parí rẹ̀. Báwo wá ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣe mọ òpin ìtàn náà láàárín wákàtí díẹ̀? Wọn kò mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, kí eré tó jáde rárá, àṣírí apá kan nínú ìtàn rẹ̀ ti tú síta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ pé akọni tí wọ́n fẹ́ràn nínú eré àkọ́kọ́, ti ọdún 2013, yóò kú, inú sì ń bí wọn. Ìbínú àti àgbọ́sọ ni wọ́n fi dájọ́. Ọ̀rọ̀ náà burú tó bẹ́ẹ̀ tí Metacritic fi ṣe òfin ní oṣù keje ọdún kan náà pé ará ìlú kankan kò gbọdọ̀ kọ èrò rẹ̀ nípa eré tuntun títí wákàtí 36 yóò fi kọjá lẹ́yìn tí ó bá jáde. Wò ó, àgbàlagbà ènìyàn ni a ń ṣe òfin fún bí ọmọdé tí a ń gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ gbígbóná!

Ohun tí ó mú kí ẹ̀ṣẹ̀ wọn wúwo sí i ni irú ìtàn tí eré náà ń sọ. Nínú eré àkọ́kọ́, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Joel pa oníṣègùn kan kí ó lè gba ẹ̀mí ọmọbìnrin kan là, tí ń jẹ́ Ellie. Nínú eré kejì, Abby, ọmọ oníṣègùn tí a pa, wá Joel rí, ó sì gbẹ̀san bàbá rẹ̀ lára rẹ̀. Ellie náà dìde láti gbẹ̀san Joel. Nínú apá àkọ́kọ́ eré náà, Ellie ni ìwọ tí ń ṣeré jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ìbínú rẹ̀ ni ìbínú rẹ, ọ̀tá rẹ̀ sì ni ọ̀tá rẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré bá dé agbedeméjì, àwọn òǹkọ̀wé gba Ellie lọ́wọ́ rẹ, wọ́n sì sọ ọ́ di Abby. Fún wákàtí púpọ̀, ẹsẹ̀ ẹni tí o kórìíra ni ìwọ yóò fi máa rìn. Ìwọ yóò mọ bàbá rẹ̀, ìwọ yóò mọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìwọ yóò sì rí i pé ẹni tí o pè ní akọni ni òun ń pè ní apànìyàn.

Ǹjẹ́ o rí i báyìí? Ìtàn náà dàbí ẹjọ́ tí a pín sí méjì: ìdajì fún olùpẹ̀jọ́, ìdajì fún ẹni tí a pè lẹ́jọ́. Ẹni tí ó fún un ní òdo láìdé apá kejì ti ṣe ohun náà gan-an tí àwọn baba wa kìlọ̀ fún wa nígbà tí wọ́n wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà. N kò wí pé dandan ni kí o fẹ́ràn eré náà. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe é dé òpin tí wọ́n sì wí pé ìtàn rẹ̀ gùn jù, tàbí pé ìwà ipá inú rẹ̀ pọ̀ jù, tàbí pé kò bọ́gbọ́n mu. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo, nítorí pé wọ́n rí ohun tí wọ́n ń sọ. Ariwo àwọn tí kò rí nǹkan kan ni ó sì bo ohùn wọn mọ́lẹ̀. Bí ọjà bá kún fún owó ayédèrú, ta ni yóò gba ojúlówó lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un wá?

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ síbẹ̀. Òṣèrébìnrin tí ó fi ohùn rẹ̀ ṣe Abby ni Laura Bailey. Ní oṣù keje ọdún 2020, ó fi díẹ̀ hàn nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn kan fi ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ń halẹ̀ pé àwọn yóò pa á. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin náà? Ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí. Bí ìyá àgbà kan bá ń pàlọ́ lábẹ́ òṣùpá, tí ó sì fọhùn bí Ìjàpá tí ó lọ jí iṣu nínú oko àna rẹ̀, ṣé a ó fa ìyá náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pé olè ni? Ọmọ ọdún márùn-ún mọ ìyàtọ̀ láàárín apàlọ́ àti Ìjàpá. Ṣùgbọ́n ìbínú tí kò ní ìjánu a máa sọ àgbàlagbà di ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ kò tó ti ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹni tí ó tẹ ọ̀rọ̀ ikú sí ènìyàn láti inú yàrá rẹ̀ lè rò pé eré ni òun ń ṣe. Ẹni tí ó kà á kò lè sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé, 'Owó wa ni a fi ra eré. Ẹni tí ó bá sanwó ní ẹ̀tọ́ láti ráhùn.' Òótọ́ ni. N kò bá ẹ̀tọ́ náà jà. Àwọn tí ń sọ ọ́ di yẹpẹrẹ ni mo ń bá jà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ CD Projekt ní ilẹ̀ Póláńdì gbé eré Cyberpunk 2077 jáde. Àwọn alámèyítọ́ ti yìn ín ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ti orí kọ̀ǹpútà nìkan ni ilé-iṣẹ́ náà fún wọn. Nígbà tí àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rọ PlayStation 4 àti Xbox One ra tiwọn, wọ́n rí i pé ó kún fún àbùkù, ó ń dákú, ó sì ń dúró gbagidi láàárín eré. Wọ́n ké gbàjarè, wọ́n sì fi àwòrán ti ohùn wọn lẹ́yìn. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, Sony yọ eré náà kúrò nínú ọjà rẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ṣèlérí láti dá owó padà fún àwọn tí wọ́n rà á níbẹ̀. Ó di oṣù kẹfà ọdún 2021 kí eré náà tó padà síbẹ̀. Èéṣe tí ohùn àwọn ará ìlú fi borí ní ọjọ́ náà? Nítorí pé wọ́n tọ́ ọbẹ̀ náà wò. Àwọn alámèyítọ́ ni ó tọ́ ìkòkò kan wò tí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́rìí fún ìkòkò kejì tí a dé lójú wọn.

Ráhùn lè wà láìsí èébú. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ BioWare ní Kánádà gbé eré Mass Effect 3 jáde, èyí tí ó parí ìtàn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007. Òpin rẹ̀ kò tẹ́ ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, nítorí pé ó dà bí ẹni pé gbogbo ohun tí wọ́n ti yàn láti ìbẹ̀rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Àwọn kan bú, àwọn kan halẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kan nínú wọn dá owó jọ lórúkọ ẹ̀hónú wọn, owó náà sì ju 70,000 dọ́là lọ; wọ́n fi í fún Child's Play, ẹgbẹ́ kan tí ń fi ohun ìṣeré ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tí ń ṣàìsàn ní ilé ìwòsàn. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, BioWare ṣe àfikún sí òpin ìtàn náà, wọ́n sì pín in láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Mo fẹ́ kí á padà sórí máàkì, nítorí pé àwọn kan rò pé nọ́ńbà lásán ni, kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ Obsidian ní Amẹ́ríkà ṣe eré Fallout: New Vegas fún ilé-iṣẹ́ Bethesda. Ní ọdún 2012, Chris Avellone, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá Obsidian sílẹ̀, sọ ọ́ síta pé àdéhùn wà pé wọn yóò gba owó àjẹmọ́nú bí máàkì eré náà lórí Metacritic bá tó 85. Máàkì 84 ni ó gbà. Wọn kò rí owó náà gbà. Ta ni yóò wí pé òun mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìtàn tí ó gba 84 àti èyí tí ó gba 85? Kí ni òṣùwọ̀n tí ó lè wọn ìtàn dé orí ẹyọ kan? Lónìí, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ eré ni ó ń ka ìtàn New Vegas mọ́ àwọn tí ó dára jù lọ nínú irú rẹ̀. Àwọn alámèyítọ́ ni ó fún un ní máàkì yẹn, kì í sì í ṣe ará ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan gbogbo wa. Lẹ́yìn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni ènìyàn wà, tí ó ní ilé, tí ó ní ọmọ, tí ó ń retí ohun tí yóò gbé wálé.

Bí ẹ̀gàn èké ti burú, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyìn èké. Ní ọdún 2007, Jeff Gerstmann, alámèyítọ́ kan ní GameSpot, fún eré Kane & Lynch: Dead Men ní máàkì 6 nínú 10, nígbà tí ìpolówó ọjà eré kan náà kún ojú ìwé ibi tí ó ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí a lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 2012, nígbà tí ó lè sọ̀rọ̀ fàlàlà, ó ṣàlàyé pé àwọn ọ̀gá òun kò lè dúró níwájú àwọn tí ń fi owó ìpolówó halẹ̀ mọ́ wọn. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà; owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Nítorí náà, nígbà tí o bá rí ẹni tí ń yin eré kan lọ sókè réré, tí kò rí àbùkù kan nínú rẹ̀, béèrè lọ́kàn rẹ pé ta ni ó bọ́ ọ. Nígbà tí o bá sì rí ẹni tí kò rí ẹwà kankan nínú rẹ̀, béèrè pé kí ni ó ń bí i nínú.

Bí ó bá ṣòro láti dá ẹjọ́ ìtàn tí ènìyàn kan ń ṣe nínú yàrá rẹ̀, mélòó mélòó ni ti àwọn eré tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dàbí àlọ́ àpagbè. Apàlọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí àwọn tí ń gbe orin, àlọ́ kò tí ì dé ibi kankan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, nígbà tí wọ́n ń dán eré Ultima Online wò, Richard Garriott tí ó dá a sílẹ̀ jáde síwájú àwọn ènìyàn gẹ́gẹ́ bí Lord British, ọba ilẹ̀ náà. Ààbò tí kò jẹ́ kí ohunkóhun pa ọba ti kúrò lára rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fura. Ẹnì kan láàárín èrò, tí ó pe ara rẹ̀ ní Rainz, ju iná sí i. Ọba sì kú níṣojú gbogbo ènìyàn. Òǹkọ̀wé kankan kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ a ṣì ń pa ìtàn rẹ̀ títí di òní.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, nínú eré World of Warcraft, òrìṣà kan tí ń jẹ́ Hakkar a máa fi àrùn inú ẹ̀jẹ̀ bá àwọn tí ó wá bá a jà jà. Àwọn tí ó ṣe eré náà kò fẹ́ kí àrùn yìí jáde kúrò ní ibùdó rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá àwọn ẹran ọ̀sìn àwọn tí ń ṣeré jáde, ó sì wọ àwọn ìlú ńlá. Àwọn kan sá lọ sí ìgbèríko. Àwọn kan dúró láti wo aláìsàn sàn. Àwọn kan sì mọ̀ọ́mọ̀ ń kó àrùn náà kiri. Nígbà tí ó di ọdún 2007, àwọn onímọ̀ nípa àjàkálẹ̀ àrùn kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú The Lancet Infectious Diseases, nítorí wọ́n rí i pé ìwà ènìyàn hàn nínú rẹ̀. Alámèyítọ́ wo ni ó lè rí irú ìtàn yìí ní ọjọ́ tí eré náà kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2004? Àwọn àgbà a máa wí pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ṣùgbọ́n Ultima Online àti World of Warcraft ti lé ní ogún ọdún báyìí, a sì ń ṣe wọ́n síbẹ̀. Ìdájọ́ ọjọ́ kan kò lè bo ìtàn ogún ọdún.

Èyí tí ó yẹ kí o fi sọ́kàn jù lọ ni ti Final Fantasy XIV. Ilé-iṣẹ́ Square Enix ní ilẹ̀ Japan gbé e jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010. Eré náà kò dára. Ó lọ́ra, ó lọ́jú pọ̀, àwọn tí wọ́n rà á sì sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìdí. Ilé-iṣẹ́ náà kò bá wọn jiyàn. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n dá owó oṣooṣù dúró fún ìgbà kan, wọ́n sì fi Naoki Yoshida ṣe olórí tuntun ní oṣù kejìlá ọdún náà. Yoshida a máa kọ lẹ́tà sí àwọn tí ń ṣeré, ó sì ń dáhùn ìbéèrè wọn níwájú gbogbo ènìyàn. Bí wọ́n ti ń tún eré àtijọ́ ṣe ni wọ́n ń kọ́ tuntun lẹ́yìn. Nígbà tí àkókò tó láti ti ilẹ̀kùn èyí àtijọ́, wọn kò kàn pa iná lé àwọn ènìyàn lórí. Wọ́n fi ìparun rẹ̀ ṣe ìtàn: òṣùpá pupa kan ń tóbi sí i lójú ọ̀run láti ọjọ́ dé ọjọ́, àwọn tí ń ṣeré sì péjọ láti gbèjà ayé wọn, títí di oṣù kọkànlá ọdún 2012 tí òṣùpá náà já tí ayé náà sì parẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013 wọ́n ṣí ayé tuntun, A Realm Reborn, tí ó dìde láti inú àlàpà ti àkọ́kọ́. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i.

Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ bí àwọn olólùfẹ́ eré náà bá ti purọ́ pé ó dára? Àbùkù rẹ̀ ì bá wà níbẹ̀ títí. Kí ni ì bá sì ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ti fún un ní òdo tán tí wọ́n sì kọ̀ láti tún wò ó? Ayé tuntun náà ì bá má rí ẹni gbé inú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi òótọ́ bá a wí, tí wọ́n sì padà wá wò ó pẹ̀lú ọkàn mímọ́, ni ó jẹ́ kí ó yè. Ọwọ́ òsì ni a fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra.

Nítorí náà, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí o bá parí iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ tí o sì jókòó láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ láti sọ̀rọ̀ nípa eré, fi nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn.

Èkíní, ṣe é dé òpin kí o tó dájọ́ rẹ̀. Bí o kò bá lè ṣe é dé òpin, sọ ibi tí o dé gan-an, kí ẹni tí ń gbọ́ ọ lè mọ bí ẹ̀rí rẹ ti tó.

Èkejì, má ṣe ya ojú ẹlòmíràn lò. Bí o bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan, sọ pé o gbọ́ ọ ni; má ṣe wí pé o rí i.

Ẹ̀kẹta, fi ìdí ti ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn. 'Kò dára' kì í ṣe ìdájọ́. Ṣé ìtàn náà kò bára mu ni? Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn akọni rẹ̀ kò jọ ti ènìyàn? Ṣé òpin rẹ̀ kò bá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ? Máàkì tí kò ní àlàyé dàbí ìdájọ́ tí a kò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, má ṣe tú àṣírí ìtàn fún ẹni tí kò tí ì ṣe é. Ẹni tí ó sọ ìdáhùn àlọ́ kí a tó pa á tán ti ja gbogbo agboolé lólè.

Ẹ̀karùn-ún, bá iṣẹ́ wí, má ṣe bú òṣìṣẹ́. Ìtàn lè burú kí ẹni tí ó kọ ọ́ jẹ́ ènìyàn rere.

Ẹ̀kẹfà, bí eré náà bá jẹ́ èyí tí ń yí padà láti ọdún dé ọdún, má ṣe jẹ́ kí ìdájọ́ rẹ dúró sójú kan. Padà lọ wò ó. Kò sí ìtìjú nínú pé ohun tí o bá wí ní àná kò bá tòní mu mọ́, bí nǹkan náà bá ti yí padà.

Má ṣe wí pé eré lásán ni. Ẹni tí ó fún eré ní òdo lónìí láìṣe é yóò jókòó ní ìpàdé ẹbí lọ́la, a ó sì béèrè èrò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó arákùnrin rẹ̀. Yóò di ọ̀gá níbi iṣẹ́, a ó sì mú ẹ̀sùn òṣìṣẹ́ kékeré wá síwájú rẹ̀. Yóò dìbò. Bóyá yóò tilẹ̀ di adájọ́ tí ń wọ aṣọ dúdú. Bí ó bá ti mọ́ ọn lára láti gbọ́ ìdajì kí ó sì dá odindi, ta ni yóò gba aláìṣẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Kọ́ etí rẹ ní sùúrù nísinsin yìí tí ọ̀rọ̀ kò tí ì ju eré lọ. Gbọ́ ìtàn dé òpin, gbọ́ ti Ellie, gbọ́ ti Abby. Lẹ́yìn náà, la ẹnu rẹ kí o sì sọ òótọ́ tí o rí.